Oníwàdùwàdù Kọ́ Ni Ọ̀ta

Ọ̀rọ̀ kan wà tí gbogbo ìdí ọpọ́n ní Ìyànà Ìpájà l'Ékòó gbà gbọ́: kọlù ú kó tó kọlù ọ́. Má jẹ́ kó mí. Ẹni tó bá dúró ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ì báà jẹ́ ayò ni wọ́n ń ta, ì báà jẹ́ dírafù, tàbí Whot, tàbí lúdò olówó, ìwàásù kan náà ni. Láti ẹ̀gbẹ́ afárá dé ojú ọ̀nà Ẹgbẹ́dá, láti ìsọ̀ àwọn mẹkáníìkì dé ibi tí àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń retí kí ó kan ọkọ̀ wọn, ẹni tó bá jókòó jẹ́ẹ́, tí kì í fi ọmọ lu ọpọ́n gbàgà, tí kì í fi ẹnu gún alátakò rẹ̀ lára, ojo ni wọ́n ń pè é. Ẹni tó bá ń jà láti ọwọ́ kìíní dé ọwọ́ ìkẹyìn, tó ń jẹ méjì níhìn-ín, tó ń jẹ mẹ́ta lọ́hùn-ún, òun ni ọ̀gá, òun ni wọ́n ń ra mínírà fún.

Irọ́ ni wọ́n ń pa fún ara wọn, irọ́ náà sì ń ná àwọn ọ̀dọ́ lówó. Ohun tí èmi ń sọ rèé, gbangba: bí ẹni tó jókòó níwájú rẹ bá jẹ́ ẹni tí kì í yéé kọlu èèyàn, ọ̀nà tó dájú jù láti borí rẹ̀ ni kí o di ọwọ́ rẹ mú, kí o jọ̀wọ́ èyí tí kò tó nǹkan fún un, kí o sì ya ọwọ́ náà pátápátá nígbà tí àkókò bá tó. N kò sọ pé ó dùn ún wò. N kò sọ pé àwọn òǹwòran yóò pàtẹ́wọ́ fún ọ. Mo ní òun ló ń borí.

Òwe kọ́ ni mo fẹ́ fi jà. Mo mọ̀ pé àgbò tó fẹ̀yìn rìn, agbára ló lọ mú wá. Mo sì mọ̀ pé ẹni tó bá máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké. Òwe wà fún tọ̀tún tòsì, èyí tó bá wu kálukú ló ń fà yọ. Ìṣirò ni ká jọ gbé sórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ayò, nítorí kò sẹ́ni tó lè sọ pé ọ̀dọ̀ òyìnbó la ti kọ́ ọ. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, ọmọ mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, ọmọ 48 lápapọ̀. Ẹni tó bá ti jẹ 25 ti borí. Bí o bá kó ọmọ inú ilé kan, tí o ń jù wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan sí ilé tó tẹ̀ lé e, tí èyí tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ilé alátakò rẹ tó sì sọ ọmọ ibẹ̀ di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú ìyẹn náà bá jẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ òun náà, bẹ́ẹ̀ ni wàá máa padà sẹ́yìn títí tí o fi máa kan èyí tí kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó ti jókòó ti ọpọ́n rí ló mọ èyí. Ohun tí oníwàdùwàdù kì í dúró rò ni pé ilé tí ọmọ rẹ̀ pọ̀ kì í ṣe ilé ẹ̀rù. Ilé tó ṣófo, ilé tó ní ẹyọ kan tàbí méjì, ibẹ̀ ni ewu wà. Ẹni tó bá sì ń kọlu èèyàn ní gbogbo ìgbà, tó ń kó ọmọ ilé rẹ̀ sọdá lójoojúmọ́ ayé láti lọ jẹ méjì méjì lọ́hùn-ún, ilé tirẹ̀ ló ń gbọ́n gbẹ. Kò mọ̀, nítorí ojú ọ̀hún ló ń wò.

Mo jókòó ti irú eré bẹ́ẹ̀ ní ìsọ̀ kan lọ́nà Ìpájà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa kórópe ló ń bá bàbá kan ta. Ọmọkùnrin yìí yára, ó lójú, ó sì lẹ́nu. Ó ti jẹ ọmọ 15, bàbá kò ní ju 6 lọ. Àwọn tó dúró yí wọn ká ti ń fi bàbá ṣe yẹ̀yẹ́.

“Bàbá, ẹ ta ayò yín o, ẹ má sùn lọ!”

“Ọmọ mi, mò ń ta á náà ni.”

Ẹ wo ohun tó wà lójú ọpọ́n nígbà náà. Nínú ilé tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún bàbá, odù ti wà níbẹ̀: ọmọ 16. Ilé márùn-ún yòókù ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ọmọ 7 péré ló wà nínú gbogbo wọn. Ní ti ọmọkùnrin yìí, ilé márùn-ún ló ṣófo. Ilé tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún tirẹ̀ nìkan ló ní ọmọ, mẹ́rin. Ó dá a lójú pé òun ti ń parí eré. Bàbá bá kó 16 yẹn. Mẹ́fà bọ́ sí ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ọmọkùnrin náà. Márùn-ún yí wá sí ilé bàbá fúnra rẹ̀. Ó fo ilé tó ti kó wọn, gẹ́gẹ́ bí òfin ayò. Márùn-ún tó ṣẹ́ kù wá padà bọ́ sí ilé márùn-ún tó ti ṣófo tẹ́lẹ̀, tí ẹyọ kọ̀ọ̀kan ti kọ́kọ́ bọ́ sí. Gbogbo wọn di méjì méjì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn láti ẹ̀yìn wá: méjì, mẹ́rin, mẹ́fà, mẹ́jọ, mẹ́wàá. Ọwọ́ kan ṣoṣo, 6 ti di 16.

Ọmọkùnrin náà ku ilé kan, ọmọ 5 ló wà níbẹ̀. Kò ní ohun mìíràn tó lè gbé. Ó kó o, ó jù ú, èyí tó gbẹ̀yìn bọ́ sí ilé tí mẹ́ta wà, ó di mẹ́rin, kò rí nǹkan kan jẹ. Ọmọ 17 tó kù lójú ọpọ́n, ẹ̀gbẹ́ bàbá ni gbogbo wọn wà. Ariwo dákẹ́.

Ta ló ṣe ọmọkùnrin yẹn bẹ́ẹ̀? Ara rẹ̀ ni. Ká ní ọmọ méjì méjì ló wà nínú ilé márùn-ún wọ̀nyẹn, ẹyọ méjì tí odù fi kún ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá sọ wọ́n di mẹ́rin mẹ́rin, bàbá kì bá tí jẹ ẹyọ kan. Ìkọlù rẹ̀ ló ṣílẹ̀kùn fún odù. Ẹ má sì rò pé bàbá kàn jókòó kí orí ṣe é. Kò sí iṣẹ́ tó le nídìí ayò bíi kí o pa odù mọ́ láìjẹ́ pé wọ́n fipá mú ọ tú u kó tó pé. Ọmọ kéékèèké inú ilé márùn-ún yòókù ló fi ń sún eré síwájú, ẹyọ kan, ẹyọ kan, kí ó lè máa rí nǹkan gbé láìfọwọ́ kan ilé ńlá yẹn. Ọmọkùnrin náà ń rí díẹ̀ jẹ nínú wọn, bàbá sì ń jẹ́ kó jẹ ẹ́. Èyí tí àwọn òǹwòran ń kà sí ìyà, owó oníbodè ni, ó mọ iye tí òun ń san, ó mọ ibi tí òun ń lọ.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn òǹwòran jà gan-an nìyí, nítorí àwọn ló ń tọ́ àwọn ọmọ yìí sọ́nà òdì. Òǹwòran kì í ka ọmọ inú ilé. Èyí tí wọ́n jẹ ló ń kà. Bí wọ́n bá jẹ méjì, á kígbe. Bí wọ́n bá jẹ mẹ́ta, á fò sókè. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fi ẹyọ kan síwájú láti pa odù rẹ̀ mọ́, kò sẹ́ni tó kígbe, nítorí kò sẹ́ni tó rí i. Ọmọdé tó ń dàgbà nínú irú agbo bẹ́ẹ̀, kí ló máa kọ́? Yóò kọ́ láti ta ayò fún ariwo. Tó bá sì dìrọ̀lẹ́, tí wọ́n bá ń ròyìn eré, eré kan tó fi ìkọlù borí ni wọ́n á máa sọ títí, mẹ́ta tó fi ìkọlù pàdánù kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Bí ìgbàgbọ́ yìí ṣe ń rí oúnjẹ jẹ nìyẹn.

Mo mọ ohun tí wọ́n máa fi dá mi lóhùn. Wọ́n á ní Èkó nìyí, Èkó ò gba gbẹ̀rẹ̀. Wọ́n á ní bí o kò bá ti ara rẹ síwájú ní Ìyànà Ìpájà, o ò ní wọ mọ́tò. Mo gbà. Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, tí ọkọ̀ Ìkòtún kan bá dúró, tí àwọn èrò ogójì bá yí ìjókòó mẹ́rìnlá ká, ẹni tó bá ní kí gbogbo èèyàn kọ́kọ́ wọlé kí òun tó wọlé, ẹsẹ̀ ló máa fi rìn délé. Ṣùgbọ́n ìjókòó ọkọ̀, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ló ni ín. Kí ni ẹni tó kọ́kọ́ kọluni nídìí ayò ń gbà? Kò sí. Ìparí ni wọ́n ń ka ọmọ. Ìparí ni wọ́n ń ka káàdì. Èèyàn tó bá gbé ìwà ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ wá sídìí ọpọ́n, ó ti gbé ọgbọ́n ibì kan wá síbi tí kò ti ní iṣẹ́ kankan láti ṣe.

Ẹ wo Whot, tí kò sí ilé kan ní Alimọ́ṣọ́ tí wọn ò ti ń ta á nígbà tí iná bá lọ. Oníwàdùwàdù, bó bá ti ní 2 lọ́wọ́, kíá, pick two. Bó bá ní 14, general market. Eré kò tíì gbóná, alátakò rẹ̀ ní káàdì márùn-ún, ó sọ ọ́ di méje. Àwọn ará ilé á rẹ́rìn-ín. Kí ló wá ṣe fún ara rẹ̀? Ó fún ẹni tó ń bá jà ní káàdì méjì tó lè jẹ́ 2, tó lè jẹ́ 20, tó kàn ń jẹ́ kí onítọ̀hún ní àwòrán púpọ̀ sí i láti fi dáhùn ohunkóhun tí wọ́n bá gbé sílẹ̀. Ẹni tó ń di ọwọ́ mú a fi 2 yẹn pamọ́ de ìgbà tí alátakò bá sọ pé “last card.” Ìgbà yẹn ni pick two ń pani. Káàdì kan náà ni, ìyàtọ̀ ọjọ́ ni. Mo gbà pé ìdímú ní òpin tirẹ̀ níbí: bí máàkẹ́ẹ̀tì bá tán, tí wọ́n ní kí kálukú ka ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí 20 kú mọ́ lọ́wọ́ yóò mọ̀ pé òun ti dúró jù. Àkókò ni mo ń sọ, kì í ṣe ahun.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn bàbá arúgbó lásán ni mò ń sọ, ẹ jẹ́ kí n rán an létí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní ìlú Perth lórílẹ̀-èdè Ọsirélíà. Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, di ọ̀gá gbogbo ayé nídìí Scrabble, ọmọ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò náà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Lewis Mackay, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n jọ dé àṣekágbá, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Jighere nà án, Mackay kò rí ẹyọ kan mú. Ohun tó ya àwọn òyìnbó lẹ́nu kì í ṣe pé ó borí nìkan, bí ó ṣe borí ni. Ní Scrabble, ẹni tó bá lo lẹ́tà méjèèje ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan yóò gba ẹ̀bùn 50. Ọ̀rọ̀ gígùn ni gbogbo ayé ń lé, òun ni wọ́n ń yìn, òun ni ìkọlù. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ti jókòó ro ìṣirò rẹ̀, wọ́n rí i pé ọ̀rọ̀ kúkúrú lè sàn jù lọ́pọ̀ ìgbà, kódà nígbà tí ọ̀rọ̀ gígùn bá wà lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ gígùn ń ṣí ojú pátákó sílẹ̀. Alátakò á rí àyè gbá lẹ́tà mọ́ ọn, á rí ojú ibi tí máàkì ti ń di ìlọ́po mẹ́ta. Ó sì ń kó gbogbo lẹ́tà dídára ọwọ́ rẹ lọ, o padà dọ̀dọ̀ àpò láìmọ ohun tó máa bọ́ sí ọ lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ lẹ́tà márùn-ún a ti ilẹ̀kùn, a sì jẹ́ kí S tàbí lẹ́tà òfìfo kù lọ́wọ́ fún ìgbà tó bá nítumọ̀. Orí irú eré bẹ́ẹ̀ ni Nàìjíríà gùn dé iwájú gbogbo orílẹ̀-èdè nídìí Scrabble. Ààrẹ ìgbà náà, Muhammadu Buhari fúnra rẹ̀, ló pe Jighere lórí fóònù láti kí i. Kò sẹ́ni tó pè é ní ojo.

Ṣùgbọ́n eré tí àríyànjiyàn yìí ti gbóná jù láyé ni pókà. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti ń ta á lórí fóònù báyìí, èrò tí wọ́n gbé wọ ibẹ̀ náà ni ti ìdí ọpọ́n: jù ú lówó, yóò sá. Ẹ jẹ́ kí n dúró sí ibí yìí díẹ̀.

Nínú irú pókà tí wọ́n ń ta jù, Texas Hold'em, ẹnì kọ̀ọ̀kan gba káàdì méjì tí òun nìkan rí. Wọ́n á wá ṣí márùn-ún sílẹ̀ láàárín tábìlì tí gbogbo wọn jọ ní: mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan, lẹ́yìn náà ẹyọ kan. Ìgbà mẹ́rin ni ààyè ń ṣí sílẹ̀ láti fi owó lé owó. Nínú káàdì 52, oríṣi ọwọ́ méjì tó lè bọ́ sí ọ lọ́wọ́ jẹ́ 1,326. Kí o rí Ace méjì, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 221 ni. Kí o rí méjì tó bára mu, irú yòówù, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 17. Bí méjì ọwọ́ rẹ kò bá sì bára mu, nígbà tí wọ́n bá ṣí mẹ́ta àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà mẹ́ta ni o máa rí èyí tó bá ọ̀kan nínú wọn mu.

Orí ìṣirò ìkẹyìn yìí ni àwọn olùfẹ́ ìkọlù gùn lé, n kò sì ní fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, nítorí òun ni ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ní níwọ̀n bí alátakò kì í ti í rí nǹkan mú ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú mẹ́ta, ẹni tó bá kọ́kọ́ ju owó sílẹ̀ ló máa lé e sá. Bí ₦1,000 bá wà nílẹ̀, tí o ju ₦1,000 sí i láìní ohunkóhun lọ́wọ́, bí onítọ̀hún bá sá ní ìdajì ìgbà, ọwọ́ rẹ dọ́gba. Bó bá sá jù bẹ́ẹ̀ lọ, èrè ni, o ò tilẹ̀ nílò káàdì. Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹni tó ń sá fún gbogbo owó, oúnjẹ ni fún wọn, kí wọ́n jẹ ẹ́.

Ẹni tó ń di ọwọ́ mú kọ́ ni ẹni tó ń sá. Ẹnu ọ̀nà ló ti ń yàn. Ó ti ju ọwọ́ burúkú nù kó tó fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, nítorí náà nígbà tí ẹ bá rí i nídìí owó, ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ dára ju ti ẹni tó ń wọ gbogbo eré lọ. Ẹ jẹ́ ká padà sí ₦1,000 yẹn. Oníwàdùwàdù ju ₦1,000 lé e, owó ilẹ̀ di ₦2,000. Ìwọ náà ní láti fi ₦1,000 sílẹ̀ kí o tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí o bá pàdánù lẹ́ẹ̀mejì, ₦2,000 ti lọ. Bí o bá borí lẹ́ẹ̀kan, ₦2,000 ti wọlé. Ìyẹn ni pé ẹ̀ẹ̀kan nínú mẹ́ta péré ti tó kí owó rẹ má bàa dín. Nísinsìnyí, sí ẹni tó ń ju owó sílẹ̀ pẹ̀lú ohunkóhun, tí ìwọ sì ní méjì tó bára mu níwọ̀ntúnwọ̀nsì, ó lè jẹ́ ìdajì ìgbà ni wàá borí, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká fi í sí ìdajì. Nínú ìgbà mẹ́wàá, ₦10,000 wọlé, ₦5,000 jáde. O jèrè ₦5,000, o ò sì kọlu ẹnikẹ́ni. O kàn dúró ni, o ní, “Mo wà níbẹ̀.”

Èyí tó tún ṣe pàtàkì jù, tí àwọn ọ̀dọ́ kì í fẹ́ gbọ́ rárá: nígbà tí ọwọ́ rẹ bá dára gan-an, tí oníwàdùwàdù sì ń ju owó, má fi owó tó jù lé e padà kíákíá. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò ju ọwọ́ játijàti rẹ̀ nù, èyí tó lè nà ọ́ nìkan ni yóò fi dúró. O ti lé ẹni tí ì bá san owó fún ọ lọ, o pa ẹni tó máa gba owó rẹ mọ́. Jẹ́ kí ó máa jù ú. Sanwó, dákẹ́. Lẹ́yìn mẹ́ta àkọ́kọ́, yóò tún jù ú. Lẹ́yìn ẹ̀kẹrin, yóò tún jù ú, nítorí ó gbà pé ẹni tó dákẹ́ ń bẹ̀rù. Ní ẹ̀karùn-ún, tí gbogbo owó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nílẹ̀ tán, ìgbà yẹn ni kí o ya ọwọ́ rẹ.

Dan Harrington ni ẹ̀rí mi níbẹ̀. Gbogbo ayé pókà ló mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń di ọwọ́ mú. Ó gba ife àgbáyé ti Las Vegas ní 1995. Àwọn èèyàn ní ìgbà àtijọ́ nìyẹn, kí àwọn ọ̀dọ́ oníná tó dé. Ní 2003, èèyàn 839 ló wọ ìdíje náà, ó gba ipò kẹta. Ní 2004, wọ́n di 2,576, ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọ̀dọ́ tó ń ju owó bí ẹni ju òkò, ó tún wọ tábìlì ìkẹyìn, ó gba ipò kẹrin. Ẹ dá ọdún méjèèjì yẹn rò. Bí ọ̀nà rẹ̀ bá jẹ́ ti ojo, èwo nínú àwọn èèyàn ẹgbẹẹgbẹ̀rún yẹn ni kì bá ti lé e jáde?

Wọ́n á dárúkọ Stu Ungar fún mi. Ungar kọlu gbogbo ẹni tó jókòó níwájú rẹ̀, ó sì gba ife kan náà ní 1980, ní 1981, àti ní 1997. Ọ̀gá ni, n kò jiyàn. Ṣùgbọ́n orí Ungar kì í ṣe orí tí wọ́n ń fún gbogbo èèyàn: ó lè ka ohun tó wà lọ́wọ́ alátakò rẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé ìròyìn. Ẹni tó bá mọ ohun tó wà lọ́wọ́ ẹnì kejì lè kọlù ú nígbàkígbà. Èwo nínú àwọn ọmọ tó ń ju owó lórí fóònù ló lè ṣe ìyẹn? Ariwo Ungar ni wọ́n rí kọ́, wọn ò rí ojú rẹ̀ yá.

Ẹ má sì gbé ọ̀rọ̀ mi lọ sí ìsọ̀ lọ́tò. Mo ń sọ èyí tọkàntọkàn nítorí mo mọ iye ìsọ̀ tó wà láàárín Ìyànà Ìpájà sí Ẹgbẹ́dá, mo sì mọ̀ pé ẹnì kan máa ní òun náà á di ọwọ́ mú, òun á máa mú nọ́ńbà tó dájú nìkan. Kò sí nọ́ńbà tó dájú. Nínú lọ́tò tí wọ́n ti ń fa márùn-ún yọ nínú 90, kí nọ́ńbà méjì tí o mú jáde pọ̀, bí ẹ̀ẹ̀kan nínú ìgbà 400 ni. Owó tí wọ́n sábà ń san fún un jẹ́ ìlọ́po 240. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni o ta á ni o, ojoojúmọ́ ni o ta á ni o, ìṣirò kan náà ni yóò máa jẹ ọ́. Ìfarabalẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí èèyàn tó lè ṣàṣìṣe. Ẹ̀rọ lọ́tò kì í bínú, kì í wàdùwàdù, kì í fẹ́ kí òǹwòran pàtẹ́wọ́ fún òun. Kò sí ohun tí o ń dúró dè níbẹ̀.

Ó ku ẹ̀sùn kan, òun ló sì máa ń dùn mí jù: pé ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ ni ìbẹ̀rù tí mo wọ̀ láṣọ ọgbọ́n. Rárá o. Mo mọ ojo, mo ti rí i nídìí ọpọ́n. Ojo ni ẹni tí odù rẹ̀ pé 16, tí ọ̀nà ṣí sílẹ̀ gbayawu, tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń gbọ̀n, tó tún ń wá ẹyọ kan tí yóò sún síwájú. Ojo ni ẹni tó ní ọwọ́ tó dára lọ́wọ́, tí wọ́n ju owó lé e lẹ́ẹ̀mejì, tó sì jù ú nù nítorí ojú alátakò pọ́n. Ẹni tó ń di ọwọ́ mú gan-an, ọjọ́ tó bá yà á, kì í ku kọ́bọ̀ sẹ́yìn. Òun ló nígboyà jù nínú gbogbo wọn, nítorí ó ti gba ẹ̀gàn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ láìyí ohun tó mọ̀ padà. Ẹni tó ń kọlu èèyàn kí wọ́n má bàa pè é ní ojo, ìbẹ̀rù ẹnu èèyàn ló ń darí rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n tó ń kọ́ àbúrò yín ní ìdí ọpọ́n, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá jẹ méjì, ẹ má yìn ín kí ẹ tó wo ilé tó kó ọmọ náà kúrò. Ẹ bi í léèrè iye tó kù lẹ́yìn. Ẹ bi í ní ohun tí alátakò rẹ̀ ń kó jọ. Bó bá fi ẹyọ kan síwájú nítorí ó ń pa nǹkan mọ́, tí ó sì lè sọ ohun náà fún yín, ẹ ra mínírà fún òun náà.

Gbogbo ohun tí mo ti ń sọ láti òkè wá, ẹni tí kì í yéé kọluni ni mo sọ ọ́ lé lórí. Bí ẹ bá pàdé ẹni tó ń di ọwọ́ mú bíi ti yín, ọ̀rọ̀ yí padà. Nídìí ayò, ẹ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí odù irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé. Àwọn ọmọ kéékèèké tó fi ń sún eré ni kí ẹ máa jẹ, títí tí kò fi ní ní ohun mìíràn gbé ju ilé ńlá yẹn lọ, kí ó tú u nígbà tí kò lè jẹ nǹkan kan. Nídìí pókà, bí mo bá jókòó kọjú sí ẹni tó ń ju ọwọ́ mẹ́jọ nù nínú mẹ́wàá, èmi gan-an ni n ó máa kọlù ú, n ó máa kó owó tó ń fi sílẹ̀ sá. Ọjọ́ tó bá sì wò mí lójú, tó ní òun wà níbẹ̀, n ó gbé káàdì mi jù nù lójú ẹsẹ̀, nítorí mo mọ̀ dájú pé nǹkan wà lọ́wọ́ rẹ̀.